Ẹrù Tọ́pẹ́ Lẹ́yìn Ọkọ̀ Mi

Mi ò fẹ́ràn làálàá lórí géèmù. Mo ti ń dirun láti àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlá, kí ló tún kàn mí kan òkúta fífọ́ lójú òfuurufú? Ohun tí mo fẹ́ ni kí n wa ọkọ̀ mi jẹ́jẹ́, kí n máa wo ìràwọ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lè lọ jìnnà kì í ṣe ọ̀fẹ́, òkúta tí èèyàn bá fọ́ ni wọ́n fi ń kàn án. Ìdí nìyẹn tí àwa mẹ́rin tá a jọ ń ta géèmù náà lórí fóònù fi dá àáró sílẹ̀ bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe é lóko. Gbogbo wa á fọ́ òkúta fún ẹnì kan títí ẹrù rẹ̀ á fi pé, ká tó bọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Èmi Ìyádùnní, àgbà láàárín wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe tèmi. Tọ́pẹ́ ló kẹ́yìn. Àgbẹ̀ kòkó ni ní Ọ̀rà, abẹ́ igi obì kan ṣoṣo sì ni fóònù rẹ̀ ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dúró lábẹ́ igi yẹn nírọ̀lẹ́, tó ń fọ́ òkúta fún àwa tó ṣáájú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ẹrù tirẹ̀ náà pé. Wọ́n ní kí n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, kí n fà á lọ sí bodè níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù kan ọkọ̀. Ọ̀nà tààrà ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò gbé ibì kan. Ayé kan wà lápá òsì tí òrùka yìnyín yí ká, mo ní kí n yà wò ó fìrí. Wíwò rẹ̀ dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé ẹni tó ni ẹrù.

Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ọkọ̀ ọlọ́ṣà mẹ́ta ti ń bọ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Nínú géèmù yìí, ọkọ̀ tó bá fọ́ ti fọ́ náà nìyẹn, ẹrù tí wọ́n bá gbà kì í padà. Mo tẹná mọ́ ọkọ̀, kò yára, ẹrù ti wúwo jù. Mo tẹjú mọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà tí mo fi irun rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì fi bi mí bóyá ara mi ò yá. Ìbọn àkọ́kọ́ bà mí. Mo já okùn.

Mo ń sá lọ. Inú mi dùn pé mo bọ́, ojú sì ń tì mí. Ìgbà náà ni ohùn Tọ́pẹ́ wọlé látinú géèmù.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ó dà bíi pé ẹrù dúró lójú kan. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni? Ẹ má kánjú, mo wà lábẹ́ igi obì, mo ń dúró dè yín."

Mo fẹ́ sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo yí ọkọ̀ padà, ẹ̀rù tó bà mí lẹ́ẹ̀kejì sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí mo mọ ibi tí mò ń lọ.

"Tọ́pẹ́, gbé ọkọ̀ kékeré rẹ, wá fa ẹrù rẹ. Tètè."

Mo yìnbọn lu èyí tó sún mọ́ ẹrù jù, mo sì forí lé ọ̀nà òrùka yẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yà tẹ̀lé mi. Mo ti wò ó dáadáa, mo mọ ibi tí yìnyín rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ìyẹn ni mo fi lè yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ mi fọ́. Mo sunkún lójú oníbàárà.

Tọ́pẹ́ ti fa ẹrù rẹ̀ dé bodè. Lọ́jọ́ Àìkú, Tọ́pẹ́ gun ọ̀kadà wá sí Ìlá láti wá dúpẹ́. Bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo dìde. Kó tó dọ̀bálẹ̀ tán, mo ti jẹ́wọ́.

"Má dúpẹ́. Èmi ni mo já okùn. Mo fẹ́ sá lọ ni."

"Mo mọ̀, mà. Ojú mi ló ṣe."

"Kí ló wá dé tí o fi ń bi mí ní ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

Ó wolẹ̀. "Mo rò ó pé tí mo bá sọ ohun tí mo rí, ẹ ò ní lè padà mọ́."

Mo gbé àga fún un.