Fírídọ̀mù Vivian

Obìnrin tí ìjọba ìpínlẹ̀ rán wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Philemon ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Igbotako kọ̀, kò jókòó. Gbémi lorúkọ rẹ̀, ará Èkìtì ni. Òun ló ń so ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ ńlá, kí ọmọ má baà kàwé tán kó máa wáṣẹ́ kiri.

"Ọ̀gá Philemon, ilé-iṣẹ́ epo pupa tó wà n'Ìrẹ̀lẹ̀ ń dúró de ọ̀rọ̀ yín. Bí Vivian bá ti tó ṣiṣẹ́, ẹ sọ ọ́ lónìí. Tó bá di ọ̀la, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbà."

Vivian wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo, gírísì dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Láti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Òkìtìpupa ló ti ń wá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó sì ti pé ọdún méjì.

"Kó ṣe ọdún kan sí i," ni Philemon wí. "Ta ní í fi ọdún méjì kọ́ṣẹ́?"

"Ọ̀gá, ta ló lọ tún ẹ̀rọ wọn ṣe ní Akotogbo?" Vivian kò gbójú sókè. "Àbí ẹ fẹ́ kí n máa bá yín ra ẹ̀wà títí màá fi hewú?"

Gbémi rẹ́rìn-ín. Philemon kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Àkànmú, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Ó rántí omi ìwẹ̀ tó ń pọn fún un kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀gẹ́ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ bó, àti ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ tó ń sáré lọ tòun ti epo lára, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù á máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Síbẹ̀, ó wù ú kí ìgbà yẹn padà wá, kí Àkànmú tún máa bú ẹ̀rọ bí ẹni ń bá aya jà, kí àwọn tún jọ máa bu òkèlè púpurù nínú abọ́ kan.

Ó rántí "ọdún kan sí i" tí Àkànmú náà sọ fún un nígbà yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan wá ń wá ọ̀dọ́ tó mọ ẹ̀rọ. Àkànmú ní Philemon kò tíì tó. Nígbà tó fi gba fírídọ̀mù, kò sẹ́ni tó ń wá ẹnikẹ́ni mọ́. Àkànmú kò kórìíra rẹ̀. Kò kàn fẹ́ kí òun nìkan ṣẹ́kù sí ṣọ́ọ̀bù ni. Òní ni Philemon tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Vivian, wá kúnlẹ̀ níbí."

"Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?"

"Kúnlẹ̀, jàre."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì wúre fún un ní èdè Ìkálẹ̀. Gbémi kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe àmín lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ sọ fún wọn pé ó tó," ni Philemon wí fún Gbémi.

Vivian dìde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀gá, ta ló máa wá bá yín di ẹ̀rọ mú?"

"Ìjọba á tún rán ẹlòmíràn wá," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ojú òun.