Màlúù Orí Ìso

Hóró. Lábẹ́ ahọ́n. Jẹ́ẹ́dé alápatà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án láàárọ̀ yìí, kì í ṣe àhesọ. Ó di màlúù Iléyá wa mú nímú, ó fa ahọ́n rẹ̀ jáde, ó ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sórí ẹní. Ó yọ ìka, ó kọjú sí ọkọ mi.

"Bàbá Àmúdà, irẹsì wà níbí o."

"Irẹsì wo?"

"Èyí tí wọn kì í sè, hóró inú ẹran. Ẹran alábùkù nìyí. Ẹni tó tà á fún yín mọ̀."

Ẹni tó tà á fún wa… Gìdáádò Fúlàní ni.

Ọ̀la ni Iléyá. Ẹni méje ló jọ dáwó ra màlúù yìí, bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀, ọkọ mi sì ni olórí wọn. Gbogbo wọn ti jókòó síwájú ilé, wọ́n ń retí Gìdáádò. Èmi wà lẹ́yìnkùlé níbí, mo ń… kí ni mo tilẹ̀ ń ṣe? Mo gbé omi fún màlúù náà. Ó ń mu ún, ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ń dán. Ta ló máa wò ó tó máa ní nǹkan ń ṣe é?

Ọkọ mi ti búra. "Màlúù Gìdáádò kan kò ní fẹsẹ̀ kan pòròpórò oko mi mọ́." Àwọn yòókù ń dáhùn, "Tèmi náà!" "Tèmi náà!", bí ẹni ń ṣe àmín. Nínú ọyẹ́ yìí, tí igbó ti jó tán láti ibí dé Ofiki, kí ni àwọn màlúù rẹ̀ máa jẹ bí kì í bá ṣe pòròpórò wa? Á kó gáà rẹ̀ kúrò nìyẹn. Tòun ti ìyàwó tó lóyún. Ládòkun, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, ló kọ́kọ́ pè é lólè. Mo gbọ́ ọ. Ọkọ mi ò sì ní kó má sọ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí Gìdáádò fa màlúù náà wá nínú òjò…

"Ìyá Àmúdà, ẹ wo ẹnu ẹ̀ dáadáa o. Ẹ wo abẹ́ ahọ́n, kẹ́ ẹ má wá bú mi tó bá yá."

Ó fúnra rẹ̀ ya ẹnu ẹran náà. Mo wò ó. Ó pupa, ó mọ́ tónítóní. Mo tiẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Gìdáádò, ṣé màlúù lo ń tà ni, àbí ọmọ lo fẹ́ fi fún wa fẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi kó sínú ẹrẹ̀.

Ó mọ́ nígbà náà. Nígbà náà — ó mọ́. Ibí ló ti kó o, nílé wa, lórí ìso.

Kí n rọra rò ó.

Àwọn hóró… Kí ló dé tí mò ń ronú aràn? Ọ̀rọ̀ màlúù là ń sọ. Èyí tó wà nínú mi ti lọ. Ó pẹ́ tó ti ń bá mi gbé: ègé funfun pẹlẹbẹ, bí ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, ṣùgbọ́n tó ń rìn lórí aṣọ mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin wo ló máa sọ ọ́? Àfi Nọ́ọ̀sì Florence, tó dé sí disípẹ́ńsárì lọ́dún tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Ó fún mi lóògùn, aràn náà jáde, gígùn bí ọ̀já. Ni ọmọbìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí ọlọ́pàá.

"Ìyá, ibo lẹ máa ń yàgbẹ́ sí?"

"Ààtàn ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń lọ."

"Ṣé màlúù ń jẹ̀ níbẹ̀?"

"Rárá o! Orí ìso ni màlúù wa wà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹyin aràn yìí máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Bó bá bá koríko wọnú màlúù, á di hóró nínú ẹran ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹran náà láìjinná, aràn dé nìyẹn."

Orí ìso ni màlúù wa wà. Mo fọwọ́ sọ̀yà sọ ọ́. Òótọ́ sì ni. Kò já rí, kò fẹsẹ̀ kan ààtàn rí. Ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń jẹ. Èèpo iṣu. Ọkà bàbà. Àti koríko…

Koríko.

Ibo ni mo ti ń pa koríko?

Láti ìgbà òjò ni mo ti ń pa á níbẹ̀, nítorí pé ó sún mọ́ ilé. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí gbogbo ibi gbẹ, ibẹ̀ nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo ń fi í yangàn! Àràárọ̀ ni mò ń mú dòjé lọ síbẹ̀, kí ẹran mi lè sanra de Iléyá.

Màlúù kò lọ sí ààtàn. Èmi ni mò ń gbé ààtàn wá bá a.

Mo lè dákẹ́. Gbogbo ilé ló ń lọ síbẹ̀… ṣùgbọ́n ta ni aràn wà nínú rẹ̀ nínú wa?

Màá pe ọkọ mi sínú yàrá. Màá rọra sọ ọ́. Á ní, "Irú ìtìjú wo lo fẹ́ kó bá mi yìí?" Á lọ wá àwáwí kan fún wọn. Wọ́n á ní kí Gìdáádò máa lọ sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ olè yẹn á máa tẹ̀ lé e káàkiri Ṣakí.

Rárá. Gbangba ni wọ́n ti pè é lólè. Gbangba náà ni màá ti sọ ọ́, lójú àwọn méjèèje. Kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí ná? Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ mi ni mo bá wá.