Ewé Tí Wọ́n Wọ̀n Lẹ́yìn Oúnjẹ

Káfíńtà ni mí. Bí ẹ bá ní kí n wọn pákó, mo mọ ibi tí ojú téèpù ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó kó máa wọn ewé? Ọjọ́ tí Tiwalọpẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kọ́kọ́ sọ fún mi pé iṣẹ́ àṣekágbá òun ní yunifásítì ni láti mọ bí ojú ewé ṣe fẹ̀ tó, mo bi í bóyá wọ́n fẹ́ fi rán ṣòkòtò ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹnu mi.

Ewé eéran ló ń wọ̀n, èyí tí gbogbo ayé fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ó gbìn ín sẹ́yìn ilé ìyá wa ní Àkàkà, ìdajì sínú oòrùn gbangba, ìdajì sábẹ́ ọ̀pẹ níbi tí ibòòji wà, kó lè mọ èyí tí ewé rẹ̀ máa fẹ̀ jù. Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le: á tẹ́ ewé lórí ìwé gíráàfù, á fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí rẹ̀ ká, á wá ka àwọn àpótí kéékèèké tó bọ́ sínú ìlà náà. Àpótí tó bá ju ìdajì lọ, ó di odidi. Èyí tí kò bá tó ìdajì, á fò ó. Mo jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, oorun ti gbé mi lọ kó tó parí ewé kan.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, Dókítà Kọ́mọláfẹ́, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó ti dá iṣẹ́ àwọn kan padà nínú ẹgbẹ́ wọn, ó ní irọ́ ni wọ́n kọ. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ rí ti Tiwalọpẹ́, nítorí ó ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ọmọ wa máa lo ọdún kan sí i, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kó jẹun dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó gé ogójì ewé tó gbó dáadáa. Ó fi abẹ́rẹ́ fa òwú sí ṣóńṣó ọ̀kọ̀ọ̀kan, pupa fún ti oòrùn, dúdú fún ti ibòòji. Ó fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sínú abọ́ ńlá, ó fi aṣọ tútù bò wọ́n, ó gbé wọn sí ilé ìdáná níbi tó tutù, ó bá gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ láti gba ìwé gíráàfù lọ́wọ́ Raqeebah ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ náà gan-an ni ìpàdé ẹbí wa. Ìyá wa ti rin kókò sílẹ̀ fún ẹ̀bìrìpò, oúnjẹ wa tí à ń fi ewé pọ́n sè bí mọ́ínmọ́ín, ó ti pò ó, ó ti tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n obìnrin tó ní òun á gbé ewé wá ò tíì yọjú. Ló bá ṣí aṣọ orí abọ́. Ewé tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n tò létòlétò! Ojú mi ló ṣe tí màmá gbójú sókè tó súre fún Tiwalọpẹ́: ó ní ọmọ tó mọ ohun tí ìyá àgbà ń fẹ́ kí wọ́n tó rán an, kò ní í ṣàgbákò láyé. Gbogbo wa ṣe àmín, ó sì fi gbogbo ewé náà pọ́n ẹ̀bìrìpò, ó gbé e kaná.

Nígbà tí ọmọ náà dé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni. Ó kí wa dáadáa, ó kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sórí ewé ọwọ́ mi, tí òwú pupa ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Igbe tó ké, ajá aládùúgbò bá a gbó.

"Màmá! Ewé mi!"

"Ewé rẹ bí ti báwo?" ni màmá wí. "Ilé mi, ilé ìdáná mi, abọ́ mi. Ewé eéran ni mo bá níbẹ̀. Kí ni kí n fi ṣe, kí n fi bora?"

"Ẹ ò rí òwú lára rẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ tí ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ń ṣe sí ewé nìyẹn."

Tiwalọpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ojú ń dà. Ó ṣàlàyé fún wa, ó ní kò sí òmíràn tó gbó lẹ́yìn ilé mọ́, pé kékeré ló kù. Inú màmá bàjẹ́, mo rí i. Àánú ọmọ náà ṣe èmi náà, ẹ̀bìrìpò ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo ti fẹ́ sọ ewé ọwọ́ mi nù nígbà tó di ọwọ́ mi mú.

"Bọ̀dá Akínlabí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á."

Ó nu ojú, ó tẹ́ ewé náà sórí itan, ó wò ó. Kò ya níbì kankan. Ohun tó ń rò ti yé màmá kó tó yé mi. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó bá ya ewé nínú ilé yìí lónìí, kò ní í jẹ ẹ̀bìrìpò ọwọ́ mi mọ́."

Ẹ̀rù ba gbogbo ẹbí. Àwọn ènìyàn tó jẹ́ pé eyín ni wọ́n fi ń tú ewé wá ń tú u bí ẹni ń bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ jòjòló. Àǹtí Kareemat ní kí wọ́n bá òun gbé gíláàsì ojú òun wá. Bí a ṣe ń jẹ tán là ń kó ewé fún Tiwalọpẹ́, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fi aṣọ nù ún, ó ń tẹ́ ẹ sáàárín ìwé.

Mo ní, "Ewé tó ti wọ inú ìkòkò gbígbóná, ṣé ó ṣì fẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ní ohun tó ń dun òun náà nìyẹn. Ló bá gé díẹ̀ nínú àwọn kékeré tó kù, ó wọ̀n wọ́n ní tútù, ó kó wọn sínú ìkòkò màmá, ó tún wọ̀n wọ́n nígbà tí wọ́n jáde. Wọ́n súnkì díẹ̀, gbogbo wọn sì súnkì bákan náà. Ohun tó dín yẹn ló máa fi kún ti àwọn yòókù. Mo wo ọmọ náà, mo sì yọ̀.

Ewé méjì ló kù tá ò rí. Bàbá Ọdẹ́yẹmí, àgbà ẹbí wa tó ń gbé Ògèrè, ti gbé tirẹ̀ lọ sílé kí Tiwalọpẹ́ tó dé, fóònù rẹ̀ ò sì lọ. Mo gbé ọmọ náà sẹ́yìn ọ̀kadà mi, a forí lé Ògèrè. Nígbà tá a débẹ̀, ewé kan wà lórí tábìlì bàbá, odidi. Èkejì wà lẹ́nu ewúrẹ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì tán, òwú pupa ń rọ̀ létè rẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Ewé kan ṣoṣo? Kọ iye tó bá wù ọ́ síbẹ̀, jàre. Ta ló máa wá bi ewúrẹ́ mi?"

Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. Tiwalọpẹ́ wo òwú pupa náà, mo mọ̀ pé ó rò ó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò kà."

Mo bínú sí i títí a fi délé. Mo ní ṣé ó fẹ́ fi odidi ọdún kan ṣòfò nítorí ewé tí ewúrẹ́ jẹ ni. Kò yí ohùn padà, ó fi gbogbo òru ka àpótí inú ìwé gíráàfù rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi ni mo gbé e lọ sí yunifásítì, wọ́n sì ní kí n wọlé jókòó. Dókítà Kọ́mọláfẹ́ ṣí iṣẹ́ náà, ó ń kà á. Ó ka ibi ìkòkò, ó gbé ojú sókè, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìka rẹ̀ wá dúró lójú kan, ó kà á síta: "Ewé kan kò sí. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́."

Mo ní ọdún kan ti lọ nìyẹn.

"Ewúrẹ́ ta ni?"

"Ti bàbá wa ní Ògèrè, sà."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ewé akẹ́kọ̀ọ́ kan ò sọnù rí. Kòkòrò ò jẹ ẹ́, ọwọ́ ò ya á, gbogbo rẹ̀ ń pé. Mo sì mọ̀ pé kò sí oko tó rí bẹ́ẹ̀." Ó fa iṣẹ́ náà mọ́ra. "Ìwọ nìkan lo sọ èyí tí o ò ní fún mi. Gbogbo èyí tó kù, mo gbà á gbọ́."

Ó fọwọ́ sí i. Nígbà tá a jáde, Tiwalọpẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó tì í. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bú u títí, mi ò rí.