Ẹnu Ìbọn sí Ìsàlẹ̀

“Ó tún kọjá ilà,” ni Adéfọlá wí, ó sì yọ ohun tó fi dí etí kúrò.

Díákónì Enoch sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ilà pupa ni òpin agbára tí ẹ̀tù inú ọta gbọ́dọ̀ ní. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ti gun orí rẹ̀ kọjá. Eré tó fi jáde náà ju èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí lọ. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dán an wò nílé iṣẹ́ wọn ní Carrollton, ọta ìbọn ìléwọ́, irú èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, nọ́ńbà kò sì yéé ga. Tírélà tó máa kó ọta náà lọ ń dúró lẹ́yìn ilé. George, ọ̀gá wọn, ti tẹ̀ wọ́n láago títí ó fi sú Adéfọlá.

“Fọlá, àbúrò mi,” ni Enoch wí jẹ́jẹ́, “kí o tó yìn ín, kọ́kọ́ dojú ẹnu ìbọn yẹn kọlẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé òkè ni kí n kọ́kọ́ gbé e sí.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀tù kì í kún inú irú ọta yìí. Bí a bá gbé ẹnu ìbọn sókè kí a tó tẹ́ ẹ padà síwájú, ẹ̀tù á sùn sí ìdí, níbi tí iná ti ń ràn, gbogbo agbára rẹ̀ á sì hàn. Bí a bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ̀tù á sá síwájú, nọ́ńbà á sì rọlẹ̀. Ọta kan, òṣùwọ̀n méjì.

“Mo mọ ohun tí mo kọ́ ẹ. Ta ló máa gbé ìbọn sókè kó tó yìn ín? Ṣé ẹyẹ ló fẹ́ pa ni?”

“Ẹni tó bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́, tí ìbọn rẹ̀ sì ti gbó? Ó lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.”

“Ọlọ́run ò ní jẹ́.” Enoch mí kanlẹ̀. “Èmi ni mo mú ẹ wá síbí. George á ní o ò mọṣẹ́. Wọn ò tíì gbà ẹ́ síṣẹ́ tán o.”

Inú bí Adéfọlá, ṣùgbọ́n kò gbàgbé oore Enoch. Ọkùnrin yìí ló ń fi mọ́tò gbé e wá síbi iṣẹ́ nígbà tí kò tíì ní tirẹ̀. Òun náà ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wọn ní Cedar Hill lọ́jọ́ Ìsinmi, ìbọn ìléwọ́ lábẹ́ kóòtù, tó ń ṣọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọrin.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n mú páálí kan sílẹ̀ fún yín nínú ọta yìí, fún ẹnu ọ̀nà ìjọ?”

“Fún èmi kẹ̀? Rárá o. Tèmi ò tíì tán.”

Enoch ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó yíjú sí ògiri.

Adéfọlá ki ọta mìíràn bọ inú ìbọn. Ó gbé ẹnu ìbọn sókè, ó rọra tẹ́ ẹ padà, ó yìn ín. Agbára rẹ̀ tún kọjá ilà pupa. Ó mú téèpù pupa, èyí tí wọ́n fi ń dá ọjà tí kò gbọdọ̀ jáde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi di àwọn páálí náà.

Fóònù tún dún, George ni. Ó nawọ́ sí i.

“Má gbé e,” ni Enoch wí. “Èmi ni mo mú ẹ wá.”

Ó sì gbé e fúnra rẹ̀.