Ooru Inú Àpótí Gíláàsì

"Ìyàwó, kúrò lọ́nà kí awakọ̀ ilé ìwòsàn gbé e."

Ìyàwó kò kúrò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, òun náà sì ni ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, irú ẹni tí a kì í bá jiyàn. Ṣùgbọ́n àpótí gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe àpótí aṣọ. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí, kí ooru rẹ̀ lè bá a parí iṣẹ́ tí inú ìyá rẹ̀ kò ṣe tán. Nọ́ọ̀sì ti tẹ̀ wọ́n láago láàárọ̀: aboyún kan ti ń rọbí, oyún rẹ̀ ò ju oṣù méje lọ. Àpótí yìí nìkan ni wọ́n ní fún àlejò kékeré tí ń bọ̀ láìtọ́jọ́ náà.

Ohun tí ojú ẹ̀rọ ń wí kò bá ti tẹmómítà tí Ìyàwó so sínú rẹ̀ mu. Ooru inú àpótí ju bí ẹ̀rọ ṣe pè é lọ.

Ẹ̀gbọ́n wo tẹmómítà náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tẹmómítà yẹn ni ìyá àwọn fi ń wọn ibà àwọn nígbà tí àwọn ń heyín, pé ó ti ń ṣarán. Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó ti fi òmíràn wò ó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ó jókòó, ó so ṣíìpù ìrántí ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Òun fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ rẹ̀ lánàá nígbà tí ti àtijọ́ kú. Kò tó èékánná ọmọdé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni òdiwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń mọ ooru wà. Ọmọ tí a kọ́ re ni ṣíìpù: a kì í gbóhùn rẹ̀ àfi bí a bá pè é. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, ṣíìpù á ní òun nìyí. Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tó fẹ́ kó kọ ọ̀rọ̀ sí, á wá máa fi ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ṣíìpù bá ti gba ọ̀kan, á ní òun ti gbà á. Lánàá, gbogbo rẹ̀ ló ní òun gbà. Ìyàwó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dé ìdérí ẹ̀rọ náà pa.

Ní báyìí ó ní kí ṣíìpù ka ohun tó gbà padà. Ìdí ọ̀rọ̀ ti gun orí rẹ̀. Ṣíìpù àtijọ́ a máa gba ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú ìwé ti tuntun, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan, kéré sí i. Nígbà tí ojú ìwé kún, kò kọ̀, kò ké. Ó padà síbẹ̀rẹ̀ ojú ìwé kan náà, ó ń kọ èyí tó kù lé èyí tó ti kọ́kọ́ gbà lórí. Òdiwọ̀n ooru ló sì wà níbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, àṣìṣe mi ni. Mi ò wo bí ojú ìwé rẹ̀ ṣe tó kí n tó kọ ọ́."

"Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ní kí awakọ̀ lọ dúró níta. Ó wá rán an létí pé òun lòun dúró fún un nígbà tí àwọn ará ilé ìwòsàn ń bi òun pé ṣé obìnrin ilé òun ni yóò máa fi iṣẹ́ tó kan ẹ̀mí ènìyàn kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọn ò ní gbé iṣẹ́ wá mọ́. Ó ní kí Ìyàwó jẹ́ kí àpótí náà máa lọ. Àwọn á sọ fún nọ́ọ̀sì kó máa yí ooru rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

"Díẹ̀ mélòó, Ẹ̀gbọ́n? Bó ṣe ń gbóná sí i ni irọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i."

"Ìyàwó, ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo."

"Ẹ fẹ́ bò mí láṣìírí, mo dúpẹ́. Ọmọ náà ńkọ́?"

Ìyàwó gbé fóònù. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí Ó di ahọ́n òun mú, kí òun má ṣàwáwí. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má retí àpótí náà, iṣẹ́ òun ni kò dára. Kí wọ́n tètè gbé aboyún náà lọ sí ilé ìwòsàn míì. Nọ́ọ̀sì ní ọkọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ní ló wá gbé àpótí lọ́dọ̀ wọn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ. Ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Awakọ̀, fi àpótí sílẹ̀. Aboyún ni wàá lọ gbé. Yára, ṣùgbọ́n rọra."

Kò wojú Ìyàwó nígbà tó padà wọlé. Ìyàwó náà ò gbójú sókè. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ṣíìpù lọ́rọ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú ìwé rẹ̀ lè gbà. Ó pè é. Ṣíìpù kò tíì dáhùn, ó ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mì. Ìyàwó dúró. Ó tún pè é.