Ebi Ìlà Kẹfà

Bí Dókítà Jọláyẹmí bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀ ní Ìnísà ni Tíṣà Wúrà ti ń yínmú. Òun ló kọ́ ọ ní ABD ní Ìkìrun kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ irú ẹni tí í ṣe: ọmọ tí í nawọ́ kí tíṣà tó béèrè ọ̀rọ̀ tán. Ó ti di ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn báyìí, àmọ́ etí rẹ̀ kò tíì là.

Orí ilẹ̀ àkúrọ̀ Tíṣà ni Jọláyẹmí gbin ọ̀dùnkún ìwádìí rẹ̀ sí, ìlà mẹ́fà, oríṣi kan ní ìlà kan. Ọjọ́ tó gbìn ín ló ti kìlọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Sáyẹ́ǹsì ni." Lórí ilẹ̀ onílẹ̀! Tíṣà wò ó láti òkè délẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá. Yóò já ewé díẹ̀ sínú yìnyín, yóò bá tirẹ̀ lọ. Kò hú ìdí ọ̀dùnkún kan wò rí, ó ní ewé ti sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Kínéèsì ló ń wá, òṣìṣẹ́ tín-ín-tín kan tó ń ṣọ́ ṣúgà nínú ewé. Bí ṣúgà bá pọ̀, kínéèsì kan wà tí í pàṣẹ pé kí ọ̀gbìn dàgbà. Bí ṣúgà bá ń tán lọ, òmíràn yóò jí, yóò máa lẹ fọ́sífétì, àmì àṣẹ rẹ̀, mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lára: ẹ dá ilé kíkọ́ dúró, ẹ jẹ èyí tó wà nínú àká. Tíṣà gbà pé òótọ́ ni. Ohun tí Jọláyẹmí fi òótọ́ náà ṣe ló ń bí i nínú.

Kínéèsì tó ń ṣọ́ ebi kì í sùn ní ìlà kẹfà. Jọláyẹmí fò sókè. Ó ní oríṣi tó mọ nǹkan ṣún lò nìyí, kò nílò ajílẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ òun máa pín ìtàkùn rẹ̀ fún ọgọ́ta àgbẹ̀ ní Òkukù, kí wọ́n gbìn ín láìra ajílẹ̀ lọ́dún yìí. Ọgọ́ta ilé ni ebi máa wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ àgbò ló ń jẹ ìlà kẹfà. Àgbò ńlá tí Dókítà fẹ́ fi ṣe Iléyá fún àna rẹ̀ ní Ìkìrun ni. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ oko, tó ní kí Abdulwaheed, lébìrà rẹ̀, máa fún un ní ewé tútù. Abdulwaheed ń já èyí tó sún mọ́ ọn jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà la ẹnu.

"Jọláyẹmí, àgbò yìí..."

"Mà, ọ̀rọ̀ kínéèsì le díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún wa."

Fún wa! Òmùgọ̀ onídìgírì mẹ́ta. Tíṣà ì bá tú àgbò náà, àmọ́ wọ́n ti ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ra ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ náà, ó sì ń kọ ohun tí àgbò ń jẹ sínú rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù, àpò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìlú, Jọláyẹmí fi Gẹ̀ẹ́sì bo àwọn àgbẹ̀ lójú fún wákàtí kan gbáko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìtàkùn. Tíṣà dìde, ó da àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìdí ọ̀dùnkún méjì nìyí, láti ìlà karùn-ún àti ìkẹfà. Èwo lẹ máa sè fún ọmọ yín?"

Ti ìlà karùn-ún ki pọ́pọ́. Ti ìkẹfà kò ju ìka ọwọ́ lọ.

"Mà, kí ló ṣe é?" ni Jọláyẹmí wí.

"Àgbò àna rẹ ló jẹ ewé rẹ̀ tán. Ebi ló wà nínú ewé tí ò ń já lọ sí Ìbàdàn. Kínéèsì rẹ ò purọ́. Ìwọ ni o ò béèrè ohun tó febi pa á."

Ẹ̀rín bẹ́. Oyèwálé, alága àwọn àgbẹ̀, kó ìtàkùn tirẹ̀ padà síwájú Dókítà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e títí tó fi di òkìtì. Ó ti pẹ́ tí Tíṣà ti ń retí ọjọ́ yìí, ó sì gbádùn rẹ̀ dọ́ba.

Nígbà tí èrò tú ká nínú gbọ̀ngàn, Jọláyẹmí rìn wá bá a.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ewé tí àgbò ń jẹ lójúmọ́ ṣe pọ̀ tó?"

Ìbéèrè gidi àkọ́kọ́ tó bi í nìyẹn láti ìgbà tó ti wọ oko rẹ̀. Tíṣà yọ ìwé náà, ó tì í sí i láyà.

"Jókòó. Ka ojú ìwé àkọ́kọ́."

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. "Ọjọ́ Ajé. Àgbò jẹ apẹ̀rẹ̀ méjì ní ìlà kẹfà. Mo tún sọ fún Jọláyẹmí..."

Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀.

"Kà á sókè," ni Tíṣà wí.

Jọláyẹmí kà á: "Kò gbọ́."