Àpótí Tó Gbé Ìjọ Lọ Sójú Òkun

"Kò tíì sí iyanrìn tó máa mú ọkọ̀ yìí láyé!"

Torquil MacAskill ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti òkè ọkọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé, bó ṣe ń forí lé etíkun wa ní erékùṣù Skarvay, tí gbogbo abúlé tò sórí iyanrìn láti wòran. "Lábẹ́ ìbọn Jámánì ni mo ti sọ táǹkì ogun kalẹ̀ ní etíkun Faransé! Mo já ẹrù, mo yídìí padà, mo bá tèmi lọ. Ṣé Skarvay tí mo ti ṣeré dàgbà ló máa wá mú mi?"

Ẹni tó ń torí ẹ̀ pariwo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Ọ̀gbẹ́ni Pringle, aṣojú ìjọba láti Edinburgh, tó fọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. Òun ló mú akọ màlúù tí ìjọba máa ń yá abúlé wa lọ́dọọdún, kó lè gun àwọn abo màlúù wa, wá. Òun náà ló máa sọ bóyá ọkọ̀ Torquil ni yóò máa kó ẹran lọ sí àwọn erékùṣù. Bó bá fi lè ní rárá, àwọn tó ń gé irin àlòkù ní Glasgow ti lanu sílẹ̀ dè é.

Àpótí là ń pe ọkọ̀ náà. Ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀kùn irin tó ń ṣubú lulẹ̀ di afárá. Gbogbo wa la mọ òfin rẹ̀: kó o tó gun iyanrìn, ju ìdákọ̀ró sómi lẹ́yìn, kó o lè fi ṣéènì rẹ̀ fa ara rẹ kúrò nígbà tó o bá ń lọ.

"Torquil, ìdákọ̀ró!" la kígbe.

"Àwọn ọ̀lẹ ló ni ìdákọ̀ró!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì já lu iyanrìn.

Ilẹ̀kùn ṣubú, gbàà! Akọ màlúù sọ̀ kalẹ̀ bíi baálẹ̀ tó ń lọ wo oko rẹ̀. A pàtẹ́wọ́, a súfèé. Ká tó pàtẹ́wọ́ tán, omi ti fà. Torquil yí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, èéfín bo gbogbo wa lójú, Àpótí lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹ̀kọ lára ewé.

Marsaili, àbúrò bàbá Torquil, obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, sún mọ́ ọn. "Torquil ọmọ mi, Jámánì mélòó ló dì í mú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Marsaili. Omi á padà lóru."

"Òru kẹ̀?" Alàgbà Murdo, òpó ìjọ wa, ló dá a lóhùn. "Òru á ti di Ọjọ́ Ìsinmi. Ta ló máa fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ Olúwa ní Skarvay?"

Kò sẹ́ni. Omi tí à ń mu lọ́jọ́ Àìkú gan-an, Sátidé la ti ń pọn ọ́n sílé. Ojú Torquil wálẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Pringle de fìlà rẹ̀. "Kápítéènì, èyí tó ń sùn sí etíkun, ọkọ̀ kọ́ nìyẹn. Àtíbàbà ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ìjì jà, ó ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa bí ẹni ká ẹní. Ìsìn ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀, òjò ń rọ̀. Àtíbàbà kan ṣoṣo ló wà ní Skarvay tó lè gba gbogbo wa.

A wọ inú Àpótí, tapólì lókè, ìgbẹ́ màlúù nísàlẹ̀. Atẹ́gùn ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. "Ẹ gbé ilẹ̀kùn yẹn sókè," ni Murdo wí. "Iṣẹ́ àánú kì í ba Ọjọ́ Ìsinmi jẹ́. Òtútù ń pa àwọn arúgbó."

"Arúgbó wo?" ni Marsaili bi í.

Níbi tí mo jókòó sí, ihò ọta tí wọ́n fi irin lẹ̀ wà létí mi gan-an. Nígbà ogun, àwọn tó ń ṣe afárá ni wọ́n ní kó kan ọkọ̀ náà, ní kánmọ́kánmọ́. Bó bá ti lè dé etíkun lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gbà pé ó ti ṣe tirẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ibi tí mo gbẹ́sẹ̀ lé yìí ni wọ́n tẹ́ àwọn tó fara gbọgbẹ́ sí bọ̀ wá sílé. Ogun parí, wọ́n gé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í kó èédú, àgùntàn àti bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Sáàmù ló kó. Murdo dá a, a gbè é, irin náà ń gbè pẹ̀lú wa bí ẹni pé ó ti mọ orin náà láti ojú ogun.

Àlùfáà wa kì í gba àdúrà kúkurú. Ó ṣì ń gbàdúrà fún àwọn ará China nígbà tí ilẹ̀ mì. Ìjì ti ti omi gun etíkun ju bó ṣe máa ń gùn lọ. Àpótí léfòó! Àlùfáà, ìjọ, aṣojú ìjọba, gbogbo wa ń bá omi lọ.

Torquil fò dìde. "Ẹ jẹ́ n ṣáná sí ẹ́ńjìnnì!"

"Jókòó!" ni Murdo wí. "A ò ṣiṣẹ́ kankan. Omi ló gbé wa."

"Alàgbà, ojú agbami là ń lọ yìí o!"

"Olúwa ló ni agbami."

Ọ̀gbẹ́ni Pringle bì sínú fìlà rẹ̀.

"Murdo," ni Marsaili wí, "ta ló máa fún wàrà màlúù ẹ nírọ̀lẹ́ yìí? Ọmú ẹ̀ á ti le koko. Ṣé ìyẹn náà ò yẹ lẹ́ni tí à ń ṣàánú?"

Láti etíkun, a gbọ́ àwọn màlúù wa tí wọ́n ń ké.

Murdo tẹ́tí sí igbe náà. "Wàrà fífún, àánú ni. Torquil, ṣáná sí i. Ṣùgbọ́n rọra o, kó má dà bí iṣẹ́."

Torquil tó ń fọ́nnu lánàá ti lọ. Ọmọ ogun ló dúró síbẹ̀. Ó forí ọkọ̀ lé ilé, ìgbì ń ti ìdí rẹ̀, ó ju ìdákọ̀ró sómi níbi tó yẹ gẹ́lẹ́, ó sì gbé gbogbo wa lé iyanrìn jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tẹ́ ọmọ sórí ẹní. Ilẹ̀kùn ṣubú. A sáré jáde bí ọmọ ogun, a kọjú sí ọmú màlúù.

Ọ̀gbẹ́ni Pringle bọ Torquil lọ́wọ́. "Kápítéènì, ọkọ̀ tó gbé ìjọ nínú irú ìjì yìí á gbé akọ màlúù. Iṣẹ́ náà ti di tiyín. Ọ̀la gan-an la máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn erékùṣù yòókù ń dúró."

Omi lé sójú Torquil. Ó nawọ́ sí ṣéènì ìdákọ̀ró. "Ẹ jẹ́ n fà á sómi báyìí."

Murdo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Wọ́n ti ń fún wàrà lọ́wọ́. Àánú ti parí. Ó dọ̀la."

"Ó dọ̀la náà!" Àyà Torquil tún ti yọ síta. "Ẹ ò rí ìdákọ̀ró mi lẹ́yìn ni? Kò tíì sí iyanrìn tó..."

Marsaili gbé korobá wàrà kọjá. Ìjì ti rọlẹ̀. Ó wo ibi tí omi gùn dé, ó wo òṣùpá tó ń fa omi.

"Omi tó máa tún gùn débẹ̀ yẹn, tó máa gbé Àpótí kúrò," ó ní, "ó di ọ̀sẹ̀ méjì."